Ilé Amọ̀ Oníṣẹ́-Ọnà tí Àlejò Ń Sùn Sí, láti Ọ̀kà Àkókó dé Etí Aṣálẹ̀

Ilé amọ̀ oníṣẹ́-ọnà ni ilé àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí àwòrán wà lára ògiri rẹ̀, tàbí tí wọ́n gbẹ́ ọnà sára òpó àti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn èèyàn ti ń rìnrìn-àjò lọ sùn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, pàápàá ní ilẹ̀ aṣálẹ̀, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ariwo ìlú ńlá, kí wọ́n sì rí ọnà níbi tí wọ́n ti dá a gan-an. Ọ̀kà Àkókó kò sí ní aṣálẹ̀. Síbẹ̀ amọ̀ ni àwọn baba ńlá ibẹ̀ fi kọ́lé, àwọn ìlú tí ààfin amọ̀ wọn kún fún ọnà kò sì jìnnà sí i. Ohun kan pa gbogbo ilé wọ̀nyí pọ̀, ì báà jẹ́ ti Ọ̀kà, ti Agadez ní Niger tàbí ti Amẹ́ríkà: èyí tí èèyàn bá fi sílẹ̀ kì í pẹ́ kó tó wó, nítorí ọdọọdún ni amọ̀ ń béèrè ọwọ́ tí yóò tún un rẹ́. Owó àlejò wà lára ohun tó lè san owó ọwọ́ náà.

Mímọ ilé ní Àkókó

Ọ̀kà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òkè àti àpáta ló yí i ká. Ọ̀wọ̀ wà ní gúúsù rẹ̀, Àkùngbá àti Ìkárẹ́ wà ní àríwá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Tápà ń kó ilẹ̀ Àkókó, orí irú òkè wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn sá sí, amọ̀ tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n sì fi mọlé. Títí di òní, ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àárín ìlú yóò rí ògiri amọ̀ pupa lábẹ́ páànù tó ti dógùn-ún, láàárín àwọn ilé búlọ́ọ̀kù.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọlé. Wọn a wa yẹ̀pẹ̀ pupa, wọn a bomi sí i, wọn a fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọn a fi í sílẹ̀ kó rin, wọn a tún padà wá tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi máa fà. Àwọn ọ̀dọ́ a máa ṣù ú, wọn a máa jù ú sókè fún ọ̀mọlé, òun a sì máa fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn. Bí ìpele àkọ́kọ́ bá ga tó orúnkún, iṣẹ́ á dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè gbẹ, kí wọ́n tó gbé èkejì lé e. Ẹni tó bá kánjú, ògiri rẹ̀ á tẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń fi irú iṣẹ́ yìí ṣe: onílé á gún iyán, aládùúgbò á tẹ amọ̀, ọjọ́ tó bá sì kan àwọn náà, ẹni tí wọ́n bá mọlé fún gbọ́dọ̀ jáde. Kò sí bíríkì nínú ọ̀nà ìkọ́lé yìí. Àwọn Hausa ló ń lo bíríkì amọ̀ onísóńsó tí wọ́n sá sóòrùn, tí wọ́n ń pè ní tubali. Àwọn ará New Mexico ní Amẹ́ríkà náà ń po koríko gbígbẹ mọ́ amọ̀, wọ́n ń yọ ọ́ ní bíríkì, wọ́n sì ń sá a.

Lókè ògiri, wọn a to igi, wọn a tẹ́ amọ̀ lé e. Ìyẹn ni àjà, tó ń dá ooru òrùlé dúró, tí wọ́n sì ń kó irè oko pamọ́ sí. Ògiri tó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan ń gba oòrùn ọ̀sán díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ooru náà bá fi máa la ògiri kọjá dé inú, ilẹ̀ á ti ṣú, ìta á sì ti tutù. Bí yàrá amọ̀ ṣe ń tutù lọ́sàn-án nìyẹn, tí ó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lóru ọyẹ́, láìsí ẹ̀rọ kankan.

Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní Àkókó lọ́dún kan ju mìlímítà 1,000 lọ, nígbà tí ti Agadez, ní etí Sàhárà, kò tó 200. Nítorí náà ilé amọ̀ Yorùbá kò lè dúró láìsí òrùlé tó yọ síta dáadáa kọjá ògiri, ṣùgbọ́n ilé aṣálẹ̀ lè ní orí pẹrẹsẹ tí èèyàn ń sùn sí nígbà ooru. Ẹsẹ̀ ògiri ni àgbàrá ti kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́. Bí páànù bá ṣí lójú kan, tí omi gba orí ògiri wọlé, ọdún díẹ̀ péré ló kù fún ilé náà. Ikán náà wà níbẹ̀, òun ló ń jẹ igi àjà láti inú.

Ọ̀pọ̀ ọmọ onílé rò pé ojúlówó àtúnṣe ni kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé amọ̀. Àṣìṣe ńlá ni. Sìmẹ́ńtì le ju amọ̀ lọ, kì í sì í jẹ́ kí amọ̀ mí. Omi tó bá gba ihò tàbí ilẹ̀ wọlé á há sáàárín méjèèjì, amọ̀ á máa rọ̀ lábẹ́lẹ̀, títí tí sìmẹ́ńtì á fi bó, tí yóò sì bó tòun ti ara ògiri. Amọ̀ ni wọ́n fi ń tún amọ̀ ṣe.

Ọnà inú ààfin

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ààfin ni ilé amọ̀ ti gba ọnà jù. Èyí tó sún mọ́ Ọ̀kà jù ni ààfin Ọlọ́wọ̀, tí ìjọba àpapọ̀ ti kà mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ó ní àwọn àgbàlá tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pè ní ugha. Wọ́n ní ó tó 100 nígbà kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìlò tirẹ̀, tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àfọ́kù ìkòkò tẹ́ ilẹ̀ àwọn kan lára wọn. Ní 1971, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú àwọn ère amọ̀ jáde ní Igbó Lájà ní Ọ̀wọ̀ kan náà, ère tí wọ́n kà sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ère wọ̀nyẹn rí iná kí ilẹ̀ tó bò wọ́n, ni wọ́n ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ògiri ààfin kò rí iná, ọwọ́ èèyàn nìkan ló ní.

Ní Ìkẹ̀rẹ́ Èkìtì, láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba ìlú náà. Ó gbẹ́ ọba sórí ìtẹ́, olorì dúró gbọnin lẹ́yìn rẹ̀, ọrùn gígùn, irun dídì, gbogbo rẹ̀ sì ru òrùlé dání ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ amọ̀. Sára ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ òyìnbó aláṣẹ tí wọ́n gbé sórí àga, tó wá kí Ògògà. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní London fẹ́ ẹ, Ògògà kò gba owó, ìtẹ́ tuntun ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún un. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní. Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ní ọba àti olorì lára wà ní Art Institute of Chicago, tó gbà á ní 1984. Ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn ọnà Ìkẹ̀rẹ́ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú, kò sì ní rí ògiri tí wọ́n dá a fún, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí ìmọ́lẹ̀ àgbàlá tó máa ń tàn sí i lára. Ó dùn mí gan-an.

Ààfin àtijọ́ Ọwá ti Ìdànrè, lórí òkè, jẹ́ ẹ̀rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí àwọn èèyàn bá kó kúrò. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún ni ìlú sọ̀kalẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni àlejò ń gùn kí ó tó débẹ̀, UNESCO sì ti fi Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tó lè di ogún àgbáyé láti 2007. Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ padà. Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀.

Etí aṣálẹ̀

Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger jẹ́ ìlú amọ̀ ní etí Sàhárà. Ilé gogoro mọ́sálásí rẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní 1515, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1844, ga tó mítà 27. Igi yọ síta lára rẹ̀ yíká, orí igi wọ̀nyẹn sì ni àwọn tó ń rẹ́ ẹ ń dúró sí. Ní 2013 ni àárín ìlú náà di ogún àgbáyé. Ilé tí wọ́n ń pè ní ilé oníbúrẹ́dì ní ọnà amọ̀ tó yọ jáde lára ògiri nínú àti lóde, ní àṣà àwọn Hausa. Hôtel de l'Aïr ti jẹ́ ààfin rí kí ó tó di ibi tí àlejò ń sùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba ní Niger ní oṣù Keje 2023, arìnrìn-àjò díẹ̀ ló ń dé ọ̀hún, ọ̀pọ̀ ìjọba sì ń kìlọ̀ fún ará ìlú wọn kí wọ́n má lọ.

Ní Tiébélé, ní gúúsù Burkina Faso, àwọn Kassena ní àgbàlá ọba tó ti wà láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, tó di ogún àgbáyé ní 2024. Ọkùnrin ló ń mọlé, obìnrin ló ń ṣe ọnà. Lẹ́yìn ìkórè, àwọn ìyá àgbà á kó àwọn ọmọbìnrin jọ, wọn á fi yẹ̀pẹ̀ pupa, ẹfun àti dúdú ya ara ògiri láti ẹsẹ̀ dé orí. Wọn á fi òkúta dán an. Lẹ́yìn náà wọn á se èèpo èso igi irúgbá, igi kan náà tí a ti ń rí irú ọbẹ̀ wa, wọn á sì da omi rẹ̀ lé àwòrán lórí kí òjò má baà fọ̀ ọ́ kíákíá. Inú mi dùn sí ìmọ̀ yìí, nítorí igi irúgbá kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, a kàn ń da èèpo rẹ̀ nù ni. Ilẹ̀kùn àwọn ilé náà kéré débi pé àfi kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé. Ọ̀tá tó bá tọrùn bọ̀ ọ́ kò lè gbé idà sókè.

Lódì kejì ààlà, ní Sirigu ní àríwá Ghana, ni mo ti rí àpẹẹrẹ tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù. Ní 1997, Melanie Kasise kó àwọn obìnrin amọ̀kòkò àti ayàwòrán ara ògiri jọ sí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní SWOPA, torí pé ọnà náà ti ń parẹ́ bí páànù àti sìmẹ́ńtì ṣe ń gba ilé. Wọ́n kọ́ ilé àlejò, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ya ògiri rẹ̀: màálù, ọ̀nì, òjòlá tó nà gbọọrọ lókè ẹnu ọ̀nà. Àlejò lè sùn níbẹ̀, kí ó ra ìkòkò, kí ìyá kan sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ tàbí òkúta ya ilà. Ọwọ́ ẹni tó ya ògiri ni owó ń bọ́ sí. Ní Navrongo tí kò jìnnà síbẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ ní irú ọnà obìnrin bẹ́ẹ̀ lára ògiri.

Ní Amẹ́ríkà, ìlú Taos ní New Mexico ló lórúkọ jù. Abúlé amọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tí èèyàn ṣì ń gbé, di ogún àgbáyé ní 1992. Mabel Dodge Luhan, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tó fẹ́ ọkùnrin abúlé náà, kọ́ ilé amọ̀ ńlá síbẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì ń pe àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Òǹkọ̀wé D. H. Lawrence fi ọ̀dà kun fèrèsé balùwẹ̀ rẹ̀. Ayàwòrán Georgia O'Keeffe débẹ̀ ní 1929, ó sì fẹ́ràn aṣálẹ̀ náà débi pé òun fúnra rẹ̀ tún ilé amọ̀ kan ṣe ní Abiquiú, tó kó sí ní 1949. Ilé Luhan ti di ilé àlejò. Ẹni tó bá sanwó lè sùn nínú yàrá tí àwọn wọ̀nyẹn sùn.

Àlejò àti onílé

Ilé amọ̀ kò fara da ìwà àìnáání. A kì í kan ìṣó mọ́ ògiri rẹ̀, a kì í da omi sí ẹsẹ̀ rẹ̀, a kì í fara ti ibi tí wọ́n ya ọnà sí. Fèrèsé kéré, inú yàrá ṣókùnkùn díẹ̀ lọ́sàn-án, eruku díẹ̀ á máa jábọ́ láti àjà, ọmọńlé á sì máa rìn lára ògiri. Bí ojúbọ bá wà nínú agbo ilé, onílé ni yóò sọ ibi tí ẹsẹ̀ àlejò lè dé. Àlejò tó bá jí ní kùtùkùtù láti bá wọn tẹ amọ̀ ní àkókò ìrẹ́lé yóò mọ ilé náà ju ẹni tó kàn sùn lọ.

Ṣùgbọ́n kí àlejò tó dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tún ilé náà ṣe, Òṣogbo sì ti fi hàn pé ìran wa lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ikán àti òjò ti ń ba àwọn ojúbọ inú igbó Ọ̀ṣun jẹ́. Susanne Wenger, oníṣẹ́-ọnà tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn ọ̀mọlé àti oníṣẹ́-ọnà bíi Adébísí Àkànjí, bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe, wọ́n sì ń fi ère tuntun kún un. Ní 2005 igbó náà di ogún àgbáyé. Ní Ògìdì Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogi, Níkẹ̀ Davies-Okundaye, oníṣẹ́-ọnà tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1951, dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ọnà sílẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Àkókó ní amọ̀, ó ní òkè, ó ní ọyẹ́, ó sì ní yunifásítì ní Àkùngbá tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè kọ ìtàn ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n tó lọ. Ilé kan ní Ọ̀kà, ilé kan ní Ìkárẹ́, ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí àgbà kan ṣì máa gbé inú rẹ̀, kí wọ́n wá agbẹ́gilére fún òpó rẹ̀, kí yàrá méjì wà fún àlejò, kí owó yàrá náà máa ra páànù, kí ó sì máa gbọ́ bùkátà ọ̀wẹ̀ ìrẹ́lé. Ẹ̀yin ọmọ Àkókó tí ilé amọ̀ baba yín ṣì dúró, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n wó o fún búlọ́ọ̀kù, ẹ sì tún òrùlé rẹ̀ ṣe kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.