Ẹ̀gẹ́ Lẹ́yìn Katakátá: Ọjọ́ Kan Lójú Ọ̀nà Yangí

Nígbà tí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ lóṣù Kọkànlá, àwọn èèyàn a máa rò pé ọ̀nà oko ti dára. Àwọn tó ń fi katakátá kó ẹrù lẹ́yìn Adó-Àwáyè mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbàrá ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ, yangí wẹ́wẹ́ ló ṣẹ́kù sórí ilẹ̀ tó le gbagidi, táyà tó bá gùn ún kì í rí nǹkan dì mú. Ọjọ́ kan nínú irú oṣù bẹ́ẹ̀ ni mo tò jọ síbí, láti ẹnu dẹ́rẹ́bà katakátá kan, ọmọ ọkọ̀ rẹ̀, àti ìyá tó ra ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó.

Aago mẹ́fà àárọ̀

Massey Ferguson 375 ni katakátá náà, agbára ẹṣin 75 ni ẹ́ńjìn rẹ̀. Tirélà tó ń wọ́ kò ní ju táyà méjì lọ, kò sì ní bíréèkì kankan, bí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lóko wa. Bíréèkì katakátá fúnra rẹ̀, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń mú. Ìyẹn ni pé táyà méjì ló máa dá katakátá dúró, àwọn náà ló sì máa dá gbogbo ẹrù tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní fi ọ̀rọ̀ ìkọ́ ṣeré. Dẹ́rẹ́bà lóṣòó, ó yọ píìnì, ó ki ìka bọ ihò irin láti mọ bó ti jẹ tó, ó dá píìnì padà, ó wá fi ṣéènì so tirélà mọ́ katakátá lọ́tọ̀, bí píìnì bá lọ ṣẹ́. Irin ìfà tó wà nísàlẹ̀ ló so ó mọ́. Àwọn kan wà tó ń so ẹrù mọ́ apá òkè tí wọ́n fi ń gbé ohun ìtúlẹ̀. Tí ẹrù bá fà sẹ́yìn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, iwájú katakátá á gbéra sókè, á sì dojú dé ẹni tó ń wà á.

Ó ku ẹsẹ̀ bíréèkì. Méjì ni katakátá ní, ọ̀kan fún táyà ọ̀tún, èkejì fún tòsì, kí àgbẹ̀ lè fi yí po ní ìpẹ̀kun poro. Irin kékeré kan wà tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ bọ́ sójú ọ̀nà. Dẹ́rẹ́bà tì í bọ ibi tó yẹ kó tó gòkè jókòó. Bí èèyàn bá tẹ ẹyọ kan ṣoṣo lórí yangí, tí ẹrù sì wà lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ kan á dúró, ẹ̀gbẹ́ kejì á máa lọ, ọkọ̀ á sì yí síbi tí ẹnikẹ́ni ò rán an.

Aago méje ààbọ̀

Wọ́n ń lọ lófìfo, tirélà ń fò pì-pì lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ti sọdá odò kékeré kan, tí wọ́n sì gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lódìkejì rẹ̀ dé òkè, dẹ́rẹ́bà pa ẹ́ńjìn, ó sì fẹsẹ̀ rin gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó ń fi bàtà ha yangí káàkiri láti mọ ibi tó nípọn sí. Lápá òsì, àgbàrá ti gbẹ́ kòtò tó lè gbé odidi táyà mì. Àárín dán. Apá ọ̀tún ni ilẹ̀ ti yọ jáde, òkúta rẹ̀ sì fìdí múlẹ̀. Ó fi ẹ̀ka igi méjì sàmì síbẹ̀, ó ní: “Ibí la máa gbà bọ̀.” Mo gbóríyìn fún un fún èyí ju gbogbo ohun yòókù tó ṣe lọ́jọ́ náà.

Aago mẹ́sàn-án

Àwọn ọmọ tó ń kó ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn tirélà, nítorí ibẹ̀ ni ìlẹ̀kùn wà, ibẹ̀ ló sì yá jù. Wọ́n ti jù tó agbọ̀n bíi mélòó kan kí dẹ́rẹ́bà tó pariwo lé wọn lórí. Ó ní kí wọ́n kó o padà síwájú.

Tirélà onítáyà méjì dà bí igi jangirọ́fà àwọn ọmọdé: ibi tí ẹrù bá pọ̀ sí ló ń tẹ̀ sí. Bó bá pọ̀ sẹ́yìn, á gbé irin ìfà sókè, á sì gbé ìdí katakátá pẹ̀lú rẹ̀, táyà tó yẹ kó di ilẹ̀ mú á fúyẹ́. Ìdí tirélà á tún máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìrìn bá le díẹ̀. Bó bá wá pọ̀ jù níwájú, iwájú katakátá ló máa fúyẹ́, èèyàn á yí sitiárìn, ọkọ̀ ò sì ní gbọ́. Díẹ̀ ló yẹ kó fi wúwo síwájú, kó tẹ táyà ẹ̀yìn katakátá mọ́lẹ̀. Omi tí wọ́n rọ sínú àwọn táyà náà, tó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ kún dé ìlà pátákó, dẹ́rẹ́bà ní ó tó. Èyí tó kù nílẹ̀ ṣì pọ̀.

Ìyá ẹlẹ́gàárì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́: “Dẹ́rẹ́bà, ọmọ mi, jẹ́ kó lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gẹ́ tá a ti fà tu kì í dúró deni.”

“Màmá, mo gbọ́. Òkè odò yẹn ni kò ní gbọ́.”

Òótọ́ ni ìyá sọ. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fà tu á ti máa dúdú nínú, owó rẹ̀ á sì já. Ṣùgbọ́n katakátá náà, pẹ̀lú omi inú táyà rẹ̀, kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ, dẹ́rẹ́bà sì ti pinnu pé tirélà tí kò ní bíréèkì kò gbọdọ̀ wúwo ju ohun tó ń fà á. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ohun tó ń dá ìjà yìí sílẹ̀ lóko wa ni pé iye ìrìn là ń san owó lé lórí. Bí a bá ń sanwó lórí bí ẹrù ṣe wúwo tó, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ kó ti ìrìn méjì sínú ẹyọ kan.

Ọ̀dọ́kùnrin méjì fẹ́ gun irin ìfà láti bá wọn lọ sílé. Dẹ́rẹ́bà lé wọn sọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá yọ̀ ti ń ṣubú síwájú táyà tirélà, kò sì sí àkókò láti dúró.

Aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán

Ojú ọ̀nà ti hun jọ ní ìlà-ìlà níbùú. Lórí irú ilẹ̀ báyìí, bí èèyàn bá sáré, táyà á máa fò láti orí ìlà kan sí òmíràn, ìgbà tó bá sì wà lókè, kò di nǹkan kan mú. Dẹ́rẹ́bà rọra ń lọ. Òkè Adó, tí adágún Ìyákẹ wà lórí rẹ̀, wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Aago kan ọ̀sán

Ó dúró lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi jíà sí kejì, èyí tí ì bá fi gun òkè náà bó bá jẹ́ pé ó ń gòkè ni. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan kílọ́ọ̀ṣì mọ́, nítorí ẹ́ńjìn ló ń dá ẹrù náà lọ́wọ́ kọ́. Àwọn tó ń yọ jíà sílẹ̀ kí dísù má baà tán, bíréèkì nìkan ló kù fún wọn, bẹ́ẹ̀ ìrìn tó bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì máa fi dá a dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọmọ ọkọ̀ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, lápá òkè, igi wẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n dé àárín. Yangí yẹ̀ lábẹ́ táyà ẹ̀yìn. Dẹ́rẹ́bà ti tẹ bíréèkì díẹ̀, táyà dúró, ọkọ̀ ò sì dúró. Tirélà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìdí katakátá sápá òsì, síhà kòtò. Ọmọ ọkọ̀ sọ pé òun rí i tí irin ìfà ń ká, òun sì kígbe.

Ohun tí ara máa ń sọ nírú àkókò yẹn ni pé kí èèyàn tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa. Táyà tó ti dúró gbọin tó ń yọ̀ kò lè darí, kò sì lè di ilẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ ẹrù ẹ̀yìn ṣì ń bọ̀. Títì ni á máa tì í títí katakátá àti tirélà á fi ká mọ́ra. Dẹ́rẹ́bà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ó na sitiárìn síbi ẹ̀ka igi tó fi sàmì, ó sì fún ẹ́ńjìn níná díẹ̀, díẹ̀ báyìí. Táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Katakátá fà síwájú, irin ìfà nà tọ́ọ́rọ́, tirélà sì tẹ̀ lé e. Bí táyà ṣe gun òkúta apá ọ̀tún, ó yọ ẹsẹ̀ lórí iná, ẹ́ńjìn bú, ìrìn sì rọlẹ̀. Ó ní gbogbo rẹ̀ kò gùn ju ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ì bá ṣe pé ẹ̀gẹ́ tó kù lóko wà lẹ́yìn rẹ̀ ni, ó ní òun ò mọ̀ bóyá iná díẹ̀ yẹn ì bá tó fà á.

Aago mẹ́ta ààbọ̀

Wọ́n já ẹrù níbi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́. Ìyá tún béèrè nípa ìyókù. Dẹ́rẹ́bà ní ilẹ̀ máa ṣú kí wọ́n tó bọ̀, òun ò sì ní sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè odò yẹn lóru, ó di aago mẹ́fà òwúrọ̀. Wọ́n dúnàá-dúrà lórí owó ìrìn kejì, wọ́n sì fẹnu kò sí ìdajì. Ìyá san díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi ra píìnì tuntun.