Ìjà Àwọn Tí Ó Sanra Kì í Ṣe Ọmọ Àná

Ìtàn kan ti gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn òde òní, títí kan àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ìjà tí àwọn tí ó sanra ń jà kí a yé fi ojú tín-ín-rín wò wọ́n, ọmọ àná ni. Pé àwọn omidan tí ń gbé àwòrán ara rọ̀bọ̀tọ̀ wọn sórí Instagram ni wọ́n dá a sílẹ̀, tí àwọn oníṣòwò aṣọ sì gbè é lẹ́sẹ̀, àti pé ohun tí ìjà náà ń wá kò ju kí olúkúlùkù wo dígí, kí inú rẹ̀ sì dùn sí ohun tí ó bá rí níbẹ̀ lọ. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni í bá tan. Igi tí àfòmọ́ yìí sì gùn lé ti hù fún ohun tí ó lé ní 40 ọdún kí Instagram tó dé ayé.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1967, ní Central Park ní New York, ìlú tí òrùlé rẹ̀ ń bá sánmà sọ̀rọ̀, ni Steve Post, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò WBAI, ti pe àwọn tí ó sanra àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn jọ, tí nǹkan bí 500 ènìyàn sì jẹ́ ìpè náà; wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n dáná sun àwọn ìwé tí ń kọ́ni bí a ti ń fi ebi pa ara ẹni kí a lè rù, wọ́n sì fi àwòrán Twiggy, ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé ń wárí fún nígbà náà, sínú iná kan náà. Àwàdà pọ̀ nínú rẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, òǹkọ̀wé Lew Louderback gbé àpilẹ̀kọ kan tí ó fi gbèjà àwọn tí ó sanra jáde nínú ìwé ìròyìn Saturday Evening Post, èyí tí kì í ṣe àwàdà rárá, tí Bill Fabrey, ẹnjiníà kan tí ìwà tí ayé ń hù sí aya rẹ̀ tí ó sanra ti ń dùn ún dé ọkàn, sì kà á. Nígbà tí ó di 1969, òun àti àwọn díẹ̀ mìíràn dá ẹgbẹ́ NAAFA sílẹ̀ láti gbèjà àwọn tí ó sanra, nítorí pé àìrìnpọ̀ ejò ni í jẹ ejò níyà.

Los Angeles ni ọ̀rọ̀ náà ti wá le. Àwọn obìnrin kan, tí Judy Freespirit àti Sara Fishman, ẹni tí ń jẹ́ Aldebaran lójú ìjà, wà láàárín wọn, ti kọ́kọ́ bá NAAFA rìn, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olórí ẹgbẹ́ ní kí wọ́n rọra máa fọhùn, wọ́n bá ọ̀nà tiwọn lọ, wọ́n sì sọ ara wọn ní Fat Underground. Èyí tí ó wú mi lórí jù nínú ìṣe wọn ni pé ilé ìkàwé ni wọ́n gbà lọ, wọ́n sì tú ìwé àwọn dókítà fúnra wọn wò finnífinní. Ìwádìí kan sì wà nílẹ̀ láti 1959, tí Albert Stunkard àti ẹnìkejì rẹ̀ ṣe: nínú 100 ènìyàn tí a fún ní ìlànà oúnjẹ tí yóò mú wọn rù, àwọn 12 ni ó fi 20 pọ́n-ùn fúyẹ́, nígbà tí ọdún 2 sì fi máa yí po, ènìyàn 2 péré ni kò tíì gba ẹran ara rẹ̀ padà. Oníṣègùn tí oògùn rẹ̀ bá jẹ́ fún ènìyàn 2 nínú 100, ta ni yóò tún tọ̀ ọ́ lọ? Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, aláìsàn ni a ń dá lẹ́bi.

Ìkéde tí Freespirit àti Fishman kọ ní oṣù kọkànlá ọdún 1973 ní ìpín 7, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó yìn wọ́n lẹ́wà: ẹ̀tọ́ níbi iṣẹ́, ní ilé ẹ̀kọ́, ní ilé ìwòsàn àti níbi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ni wọ́n béèrè, wọ́n sì pe àwọn tí ń ta oògùn àti oúnjẹ ìmúnirù ní ọ̀tá gbangba. Nígbà tí Cass Elliot, olóhùn iyọ̀ inú ẹgbẹ́ The Mamas & the Papas, kú ní London ní oṣù keje ọdún 1974 ní ẹni ọdún 32, ayé ní búrẹ́dì ẹlẹ́ran ló há a lọ́fun, wọ́n sì ń fi òkú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́; bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò òkú náà kò rí oúnjẹ kankan ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n irọ́ yìí ṣì ń sáré títí di òní. Ní oṣù tó tẹ̀ lé ikú Elliot, àwọn obìnrin Fat Underground gun orí ìtàgé níbi àpéjọ àwọn obìnrin ní Los Angeles, wọ́n sì dá àwọn dókítà lẹ́bi ikú náà lójú gbogbo ayé.

Òfin ni irú ohùn bẹ́ẹ̀ ń wá. Ìpínlẹ̀ Michigan ka ìwọ̀n ara mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ fi iṣẹ́ du ènìyàn láti 1976. Ìlú New York, níbi tí wọ́n ti dáná sun ìwé, kò ṣe tirẹ̀ títí di 2023.

Ẹni tí ó bá sì ti gbà pé 1967 ni orísun ìjà náà, kí ó má tíì jókòó, nítorí pé aláwọ̀ funfun ni púpọ̀ nínú àwọn tí mo ti dárúkọ. Johnnie Tillmon, ọmọ àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní Arkansas, tí ó ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì ní ilé ìfọṣọ rí, ti ń kó àwọn ìyá tí ń gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba jọ ní Watts, ní Los Angeles, láti 1963. Nígbà tí ó kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Ms. ní 1972, ọdún kan kí ìkéde Los Angeles tó jáde, ó ka sísanra pọ̀ mọ́ jíjẹ́ obìnrin, jíjẹ́ aláwọ̀ dúdú àti jíjẹ́ tálákà, ó ní bí ọ̀kan nínú wọn bá wà lára ènìyàn ní Amẹ́ríkà, iye rẹ̀ ti dín. Owó tí yóò tó olúkúlùkù gbọ́ bùkátà, tí ìjọba yóò sì máa san láìpín àwọn tálákà sí ìsọ̀rí, ni ó fi àpilẹ̀kọ náà béèrè.