Lẹ́yìn Ọ̀bẹ: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Iṣẹ́ Abẹ Orúnkún àti Ẹ̀yìn Jẹ́

Tí wọ́n bá gbé aláìsàn jáde ní yàrá iṣẹ́ abẹ, tó lajú, tó jẹ́ orúkọ tí wọ́n pè é, ẹbí á máa dúpẹ́, dókítà náà á sì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ń parí sí. Bóyá ẹni náà lè dá rìn lọ sọ́jà lọ́dún kejì, bóyá ìrora tó gbé e wá ṣì ń jí i lóru, ìwọ̀nba ni àwọn tó ń kọ irú rẹ̀ sílẹ̀.

Ernest Codman, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Massachusetts General ní Boston, kò fara mọ́ ọn. Ó ní kí ilé ìwòsàn máa wá gbogbo ẹni tó bá tọ́jú kàn lẹ́yìn ọdún kan, kí wọ́n mọ̀ bóyá ìtọ́jú náà jẹ́; bí kò bá jẹ́, kí wọ́n wádìí ohun tó fà á. Káàdì ló ń kọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sí. Àwọn ọ̀gá kò gbà á, ó sì fipò sílẹ̀ ní 1914. Ó ti dá ilé ìwòsàn kékeré tirẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Láàárín 1911 sí 1916, aláìsàn 337 ló gba ibẹ̀ jáde, Codman sì tẹ àṣìṣe 123 tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ jáde kí gbogbo ayé lè kà á. Ó kú ní 1940, ọdún 2014 ni wọ́n tó gbé òkúta orúkọ sí ojú oórì rẹ̀.

Ní 1934, dókítà méjì ní ìlú Boston kan náà, Mixter àti Barr, fi hàn pé dísìkì tó yọ láàárín eegun ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ lè tẹ iṣan mọ́lẹ̀, kó sì mú kí ìrora máa ta láti ìdí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní tí a bá yọ ọ́ kúrò, ara á tu èèyàn. Iṣẹ́ abẹ yìí sì gbilẹ̀. Ọdún 1983 ni Henrik Weber ní Oslo tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde lórí aláìsàn 126 tí wọ́n ṣẹ́ gègé lé: wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan, wọ́n tọ́jú apá kejì láìlo ọ̀bẹ. Lẹ́yìn ọdún kan, ara àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún yá ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbà tó di ọdún kẹrin, ìyàtọ̀ náà ti kéré débi pé a kò lè gbára lé e mọ́. Ọ̀bẹ mú ìtura yá kíákíá, ṣùgbọ́n àwọn tí kò fara kan ọ̀bẹ náà lé wọn bá. Ohun tí ìgbà tí a béèrè lè yí padà nìyẹn.

Ti orúnkún gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1890, Themistocles Gluck ní Berlin fi eyín erin gbẹ́ oríkèé orúnkún fún àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ba egungun wọn jẹ́. Kòkòrò àrùn kò jẹ́ kó pẹ́. Ní 1974, John Insall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í lo orúnkún onírin àti ike tí àwọn ti òde òní ṣì jọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Sweden ṣí ìwé àkọsílẹ̀ fún gbogbo orúnkún tí wọ́n bá pààrọ̀ ní orílẹ̀-èdè náà, kí wọ́n lè mọ èyí tó bàjẹ́ tí wọ́n sì tún ṣe. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí a mọ̀, ní 2019, pé nínú orúnkún àtọwọ́dá 100, nǹkan bíi 82 ló ń lo ọdún 25.

Ṣùgbọ́n orúnkún lè wà láìbàjẹ́, kí ẹni tó ni ín máa jẹ̀rora. Ìwé àkọsílẹ̀ náà kò ní sọ ìyẹn. Ní 1998 ni àwọn olùwádìí ní Oxford ṣe ìbéèrè 12 tí aláìsàn fúnra rẹ̀ yóò dáhùn: ṣé o lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ṣé o lè dá lọ ra nǹkan, ṣé o lè kúnlẹ̀ kí o sì dìde? Ìbéèrè ìkúnlẹ̀ yìí wúwo nílé Yorùbá, níbi tí obìnrin ti ń fi orúnkún kí ìyá ọkọ, tí Mùsùlùmí sì ń fi kírun. Òun sì ni ọ̀pọ̀ kì í lè ṣe dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Ní Ontario, ní Kánádà, ìwádìí kan tó jáde ní 2010 rí i pé ẹnì kan nínú márùn-ún ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí orúnkún tuntun rẹ̀.

Ìwádìí kan tó ya àwọn dókítà lẹ́nu ni ti Houston ní 2002. Bruce Moseley ṣẹ́ gègé lé aláìsàn 180 tí orúnkún wọn ti jẹ. Ó fi omi fọ inú orúnkún àwọn kan, ó há ìdọ̀tí inú ti àwọn mìíràn, ó kàn la awọ àwọn ìyókù lásán, ó sì rán an padà. Fún ọdún méjì, àwọn tí wọ́n ṣe tòótọ́ fún kò sàn ju àwọn tí wọ́n ṣe awúrúju fún lọ.

Tí wọ́n bá wá sọ fún yín, tàbí fún ìyá yín, pé orúnkún tàbí ẹ̀yìn gba ọ̀bẹ, ẹ má sá. Iṣẹ́ abẹ ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dìde. Ẹ kàn bi dókítà yín pé: nínú àwọn tí ẹ ṣe é fún lọ́dún méjì sẹ́yìn, mélòó ló ń rìn láìsí ìrora lónìí, báwo lẹ sì ṣe mọ̀? Ẹ jẹ́ kó dáhùn kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.