Ta Ní Ń Rántí Ọ̀nà Ilé fún Kọ̀ǹpútà?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Gonin Gora, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kan kọ̀ǹpútà pẹ̀lú.

Abala kékeré-kékeré ni wọ́n ń pín iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí. Function ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan a sì máa bẹ èkejì lọ́wẹ̀. Àwa tí a ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná mọ irú rẹ̀. Fáìlì kan wà ní ṣíṣí níwájú ẹni, ọ̀gá bá fi òmíràn ránṣẹ́ pé kíá ni òun fẹ́ ẹ. A ó fi ìwé pélébé sí ojú ibi tí a bá iṣẹ́ dé, a ó gbé tuntun lé e lórí. Èyí tó dé kẹ́yìn ni a ó kọ́kọ́ parí, kí a tó padà sí ti ìsàlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni call stack rí. Nígbà tí function kan bá pe òmíràn, ohun tí wọ́n sábà máa ń tò síbẹ̀ ni àdírẹ́sì ibi tí iṣẹ́ yóò padà sí, ohun tí wọ́n gbé lé ẹni tí a pè lọ́wọ́, àti àwọn iye tí òun nìkan ń lò. Bí ó bá parí, ẹrù rẹ̀ kúrò lórí òkìtì.

Ìlànà náà ti pẹ́. Ní 1945, Alan Turing, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá a lábàá pé kí a máa sin àdírẹ́sì ìpadà, kí a sì máa hú u bí àkókò bá tó. Ní 1957, Friedrich Bauer àti Klaus Samelson béèrè ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ní Jámánì. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbà náà, àyè ẹyọ kan péré ni function ní fún àdírẹ́sì ìpadà. Bí ó bá pe ara rẹ̀, ti ìkejì á pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ní 1960, Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ṣàlàyé bí òkìtì yìí ṣe lè jẹ́ kí function pe ara rẹ̀ láìṣìnà.

Ohun tó ń tọ́ni sọ́nà náà ni olè ń wá. Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá 1988, ètò tí Robert Morris, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cornell, kọ, tàn ká íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, ó sì dà ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà láàmú. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó da ọ̀rọ̀ tó ju ìwọ̀n lọ sí àyè kan lórí stack, títí ó fi bo àdírẹ́sì ìpadà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀. Ó dà bí ẹni tó yí ìwé pélébé inú fáìlì padà lẹ́yìn akọ̀wé. Ní 1998, àwọn olùwádìí ṣàlàyé StackGuard, tó ń fi àmì ẹ̀ṣọ́ síwájú àdírẹ́sì náà. Bí àmì bá yí padà, iṣẹ́ á dúró.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ gbà á níyànjú kí ó mọ òkìtì yìí dáadáa. Owó wa ní báńkì àti àkọsílẹ̀ wa ní ọ́fíìsì wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà ilé.