Ètò Àyálò lórí Rédíò Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò ní Amẹ́ríkà ni kì í dá ṣe gbogbo ètò tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́. Wọ́n máa ń gba ètò tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń ṣe ní ìlú mìíràn, wọn a sì gbé e jáde ní ìlú tiwọn lákòókò kan náà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-iṣẹ́ mìíràn ń gbé e jáde. Alágbàtà ètò ló wà láàárín sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àti ilé-iṣẹ́ rédíò: òun ló ní àdéhùn pẹ̀lú sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, òun náà ló ń pinnu ẹni tí yóò rí ètò náà gbà ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní in ní ìlú kan. Nítorí náà, bí àdéhùn bá parí tí ọ̀rọ̀ kò sì wọ̀ mọ́, ilé-iṣẹ́ tó ti fi ogún ọdún mú kí àwọn olùgbọ́ máa dúró de ohùn kan lọ́sọ̀ọ̀sán lè dédé gbọ́ ohùn náà lórí ìkànnì ẹni tó ń bá a du ọjà.

Irú àdánù bẹ́ẹ̀ ti wà látìgbà tí rédíò ṣì kéré. Ní ọdún 1926, WGN ní ìlú Chicago bẹ̀rẹ̀ eré aláwàdà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sam 'n' Henry. Freeman Gosden àti Charles Correll ló ń ṣe é. Òyìnbó ni àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣí wá láti apá gúúsù ni wọ́n ń sín jẹ, inú àwọn tí wọ́n ń sín jẹ kò sì dùn sí i. Ní 1931, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú, Pittsburgh Courier, gba ìbuwọ́lùwé àwọn èèyàn jọ láti fi ta kò wọ́n. Ṣùgbọ́n eré náà tà. Gosden àti Correll fẹ́ gba ohùn wọn sínú àwo kí wọ́n lè máa tà á fún ilé-iṣẹ́ rédíò káàkiri, WGN kò gbà. Nígbà tí àdéhùn wọn parí, wọ́n kó lọ sí WMAQ ní ìlú Chicago kan náà ní 1928. WGN di orúkọ eré náà mú, torí òun ló ni ín, ni àwọn méjèèjì bá sọ ara wọn ní Amos àti Andy. WMAQ fún wọn láyè láti fi àwo ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, àwọn ilé-iṣẹ́ tó rà á sì ń lò ó lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ 1929, NBC ti gbà á fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Orúkọ ló kù sí WGN lọ́wọ́.

NBC, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1926, àti CBS, tó tẹ̀ lé e ní 1927, ló wá jẹ gàba lé irú òwò yìí lórí fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Orí wáyà tẹlifóònù ni wọ́n ti ń fi ètò ránṣẹ́ láti New York sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó so mọ́ wọn. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, àwọn eré aláwàdà àti eré oníṣe kó lọ síbẹ̀, owó ìpolówó náà bá wọn lọ, rédíò ìlú sì padà sídìí àwo orin. FM tún wá gba orin náà lọ́wọ́ AM, torí ohùn rẹ̀ mọ́ jù. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1970, olùgbọ́ FM ti pọ̀ ju ti AM lọ, ó wá ku kí àwọn onílé-iṣẹ́ AM wá ohun tí wọn yóò máa gbé jáde. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò nílò ohùn tó mọ́ gaara bíi ti orin. KABC ní Los Angeles ti fi ọ̀rọ̀ sísọ rọ́pò orin láti nǹkan bí 1960, àwọn mìíràn wá ń wò ó kọ́ṣe. Ní 1978, Mutual, tí òun náà jẹ́ alágbàtà ètò, gbé ètò òru sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Larry King sáfẹ́fẹ́ fún ilé-iṣẹ́ 28, níbi tí ẹnikẹ́ni láti ìlú èyíkéyìí ti lè tẹ̀ ẹ́ láago. Òru kì í sábà pa owó wọlé fún ilé-iṣẹ́, nítorí náà kò nira láti yọ̀ǹda wákàtí wọ̀nyẹn fún àlejò. Nígbà tí sátẹ́láìtì wá rọ́pò wáyà tẹlifóònù, iye tí ó ń ná alágbàtà láti fi ètò ránṣẹ́ sí ìlú tó jìnnà já wálẹ̀ púpọ̀.

Òfin kan wà nílẹ̀ láti 1949 tó ní kí ilé-iṣẹ́ rédíò tó bá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ará ìlú ń jiyàn lé lórí jẹ́ kí àwọn tí èrò wọn yàtọ̀ náà rí àyè sọ tiwọn. FCC, àjọ tó ń bójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ níbẹ̀, wọ́gi lé e ní oṣù kẹjọ 1987. Àwọn kan máa ń sọ pé èyí nìkan ló bí gbogbo ètò ọ̀rọ̀ òṣèlú tó gba rédíò kan lẹ́yìn náà. Àsọdùn ni. Òfin ṣílẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ká ní AM kò wá nǹkan lójú méjèèjì, tí sátẹ́láìtì kò sì sọ iṣẹ́ náà di pọ́ọ́kú, ẹni tí yóò gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé kì bá tí pọ̀.

Rush Limbaugh, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ òṣèlú, ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Láti 1984 ló ti ń ṣe ètò ní KFBK ní Sacramento. Ed McLaughlin, tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà rédíò ABC tẹ́lẹ̀, mú un lọ sí WABC ní New York, ètò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1988 pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ 56. Láti agogo méjìlá ọ̀sán ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ní àkókò ti New York. Ohun tí McLaughlin ṣe yìí lòdì sí ohun tí àwọn onírédíò gbà gbọ́ nígbà náà, pé ọ̀rọ̀ ìlú ni ará ìlú fẹ́ gbọ́ lójú mọmọ, pé òru ló yẹ fún ètò àyálò.

Àkókò ni ilé-iṣẹ́ kékeré fi ń gba irú ètò bẹ́ẹ̀, kò náwó kankan lé e. Nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mélòó kan wà tó jẹ́ ti alágbàtà, tó ń fi polówó ọjà àwọn oníbàárà tirẹ̀ sí gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú tó ṣẹ́ kù ni ilé-iṣẹ́ yóò tà fún àwọn tó ń ta ọkọ̀ àti oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò. Ìṣirò rẹ̀ kò le fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́: owó oṣù sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ti ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́ rẹ̀ àti ti ẹni tó ń gbé fóònù, gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta lójoojúmọ́. Nígbà tí orúkọ Limbaugh wá ròkè tán, alágbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í bu owó lé e fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìlú ńlá. Wọ́n san án. Ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ìlú ló pàdánù iṣẹ́ sídìí ètò yìí láwọn ọdún 1990. Ilé-iṣẹ́ tó lé àwọn èèyàn tirẹ̀ lọ kò tún ní ẹni tí yóò pè wọlé bí àlejò bá dìde.

Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 1996 ló yí ọwọ́ òwò náà padà. Kó tó dìgbà náà, ẹnì kan kò lè ní ju iye kan lọ nínú ilé-iṣẹ́ rédíò káàkiri orílẹ̀-èdè. Òfin tuntun mú ààlà náà kúrò. Clear Channel, ilé-iṣẹ́ onírédíò kan, ra ilé-iṣẹ́ títí tí tirẹ̀ fi ju 1,200 lọ. Jacor, onírédíò mìíràn tó ti ra Premiere, alágbàtà ètò kan, àti ilé-iṣẹ́ alágbàtà McLaughlin ní 1997, bọ́ sọ́wọ́ Clear Channel ní 1999, tòun ti àdéhùn Limbaugh. Ẹni tó ń kó ọjà fún ọ ti ra ìsọ̀ tirẹ̀ sí òdìkejì títì. Bó pẹ́ bó yá, yóò fẹ́ kó ọjà náà sí ìsọ̀ ara rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni alágbàtà ló ń gba ètò padà. Nígbà mìíràn, ilé-iṣẹ́ ló ń jù ú nù. Ní oṣù kejì 2004, nígbà tí ariwo ìhòòhò tó hàn lórí tẹlifíṣọ̀n níbi Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ṣì ń lọ lọ́wọ́, Clear Channel dá ètò sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Howard Stern dúró ní ilé-iṣẹ́ mẹ́fà tó ń gbà á, àwọn bíi ti Pittsburgh, San Diego àti Orlando. Ọ̀rọ̀kọrọ̀ ló kún ẹnu Stern, FCC kò sì gbójú fò ó. Ní oṣù kẹrin, àjọ náà ní kí Clear Channel san 495,000 dọ́là nítorí ètò kan tó ti jáde lọ́dún tó ṣáájú, Clear Channel sì yọ ọ́ pátápátá. Láàárín oṣù mélòó kan, Infinity, tó jẹ́ ọ̀gá Stern gan-an, ti dá a padà sáfẹ́fẹ́ ní mẹ́rin nínú àwọn ìlú náà. Ṣùgbọ́n Infinity náà kò rí i pa mọ́: Stern gba owó Sirius, ilé-iṣẹ́ rédíò orí sátẹ́láìtì, ó kúrò lórí rédíò lásán ní oṣù kejìlá 2005, ó sì bẹ̀rẹ̀ lórí sátẹ́láìtì ní oṣù kìíní 2006. Olórin David Lee Roth ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀ ní New York àti láwọn ìlú mìíràn. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tí wọ́n fi yọ ọ́.

Boston ló fi hàn pé ẹni tó gba ètò padà náà lè kábàámọ̀. WRKO, tó jẹ́ ti Entercom, ló ti ń gbé Limbaugh jáde níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2010, Clear Channel gbà á fún WXKS, ìkànnì tirẹ̀ lórí 1200, ó tilẹ̀ fi orúkọ Rush pe ilé-iṣẹ́ náà. Olùgbọ́ kò tẹ̀ lé e tó bí wọ́n ṣe rò. Ní 2012, wọ́n sọ 1200 di ìkànnì ẹ̀fẹ̀, Limbaugh sì padà sí WRKO. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, WRKO fúnra rẹ̀ kọ̀ láti tún àdéhùn ṣe. Ní 2015 yìí kan náà ni WIBC ní Indianapolis jọ̀wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí ètò náà ti lò ju ogún ọdún lọ níbẹ̀.

Ohun tó fa èyí ti ń bọ̀ láti 2012. Ní ìparí oṣù kejì ọdún náà, Limbaugh bú akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan ní Yunifásítì Georgetown tó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣòfin nípa owó ìfètòsọ́mọbíbí. Ó tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníbàárà ti kó ìpolówó wọn kúrò. Àwọn kan sì sọ fún ilé-iṣẹ́ rédíò pé àwọn kò fẹ́ kí orúkọ àwọn jáde nínú ètò ọ̀rọ̀ òṣèlú kankan mọ́. Cumulus, tó ni WABC, ń kígbe pé òun ń pàdánù owó. Àwọn ti Limbaugh ní irọ́ ni, pé ẹ̀bi àwọn kọ́. Ní oṣù kẹrin, Cumulus gbé Mike Huckabee, gómìnà Arkansas tẹ́lẹ̀, síta láti bá Limbaugh du wákàtí kan náà. Kò pé ọdún méjì tí ètò Huckabee fi kógbá sílé.

Lọ́dún 2012 kan náà, Clear Channel ra WOR ní New York ní 30 mílíọ̀nù dọ́là. Kò sí ẹni tó mọṣẹ́ tí kò mọ ohun tó ń bọ̀. Ní oṣù kìíní 2014, Limbaugh kúrò ní WABC lẹ́yìn ọdún 25, ó bọ́ sí WOR, Sean Hannity, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ òṣèlú mìíràn ní WABC, náà sì tẹ̀ lé e. Cumulus ti ra alágbàtà tirẹ̀ lákòókò yẹn, inú àpò ara rẹ̀ ló sì ti mú sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Michael Savage láti dí àyè Hannity. Fún ọ̀sán tó jẹ́ ti Limbaugh, WABC pe Curtis Sliwa àti agbẹjọ́rò Ron Kuby padà, àwọn ará New York méjì tí wọ́n ti jọ ń bára wọn jiyàn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Báyìí ni àdánù ètò àyálò ṣe dá ọ̀rọ̀ ìlú padà sí wákàtí tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti 1988. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Los Angeles lóṣù kan náà: Clear Channel mú Limbaugh kúrò ní KFI, ó gbé e lọ sí ìkànnì rẹ̀ mìíràn lórí 1150, tí wọ́n sọ ní KEIB. KFI, tí agbára rẹ̀ tó 50,000 wáàtì, fi sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ìlú dí ọ̀sán.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì 2021, Limbaugh kú, ilé-iṣẹ́ tó lé ní 600 sì pàdánù rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Premiere ń fi ohùn rẹ̀ tó wà nílẹ̀ bo àyè náà títí di oṣù kẹfà, kí Clay Travis àti Buck Sexton tó gba wákàtí mẹ́ta náà. Cumulus kò dúró: Westwood One, alágbàtà tirẹ̀, ti gbé Dan Bongino síta ní oṣù karùn-ún fún àkókò kan náà. Àwọn mìíràn mú Erick Erickson láti Atlanta tàbí Dana Loesch. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì kọ gbogbo wọn, wọ́n fi wákàtí náà fún ará ilé.