Akọ̀wé àti Onímọ̀-Ẹ̀rọ ní Èkó Àtijọ́

P.W.D. (Public Works Department), ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba, ló ń la títì, tó sì ń kọ́ ilé ìjọba ní Èkó láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kí onímọ̀-ẹ̀rọ tó kan èèkàn kan mọ́lẹ̀, ó ní láti mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861 ni ìjọba ti ń kọ ìwé ilẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Ìwé náà pọ̀ lọ súà. Bí kò bá sí ẹni tó ń tò wọ́n, títì kékeré lè di ẹjọ́ ńlá.

Ní 1881 ni Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, wọ P.W.D. Ọmọ ọdún 16 ni. Iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́: kó máa ṣe ìwé atọ́ka fún àwọn ìwé ilẹ̀ ọba. Ìwé atọ́ka bẹ́ẹ̀ kò ju ìlà kan fún ilẹ̀ kan: orúkọ ẹni tó gbà á, àdúgbò rẹ̀, ojú ewé tó wà. Lójú ẹni tí kò mọ̀, kò jọ nǹkan kan, àmọ́ òun ni kì í jẹ́ kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fi odidi àárọ̀ tú àpótí ìwé. Láti ìdí iṣẹ́ yìí ló ti di ayàwòrán ilẹ̀, tí ìjọba sì rán an lọ sí Plymouth ní 1890 láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó padà dé ní 1893, ó di wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ìjọba, ó sì fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1898.

Iṣẹ́ akọ̀wé ṣe pàtàkì bákan náà nígbà tí iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896. Ó kọjá Òtà, ó sọdá odò Ògùn ní Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn, nǹkan bí kìlómítà 193. 1901 ni wọ́n ṣí i. Ọkọ̀ òkun ló ń kó irin wá láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹni tó ń tọ́jú sítọ̀ kò bá kọ iye bóòtù tó kù sílẹ̀, ńṣe ni àwọn tó ń tẹ́ irin níwájú yóò káwọ́ lẹ́rán. Akọ̀wé ló ń pe orúkọ lébìrà lọ́jọ́ owó. Ògbufọ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ oyìnbó di Yorùbá fún wọn.

Macaulay, tó ti pẹ́ láàárín ìwé ìjọba, mọ bí a ṣe ń kà á. Ní 1908 ó tẹ ọ̀rọ̀ owó rélùwéè jáde fún aráyé, ó sì fẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kan àwọn oyìnbó tó ń bójú tó owó náà.