Àwọn Afọ́jú àti Yíyan Ètò Ìpè Orí Íntánẹ́ẹ̀tì, 2003 sí 2025

1. Ìfáárà

Nínú ìtàn tẹlifóònù, ohun tí àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń tẹnu mọ́ ni bí ó ṣe sọ ọ̀nà jíjìn di ìtòsí. Ohun tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà ni pé, láti ìgbà tí Alexander Graham Bell ti gba ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1876, tẹlifóònù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ díẹ̀ tí afọ́jú àti aríran jọ ń lò lọ́gbọọgba. Etí ni a fi ń gbọ́ ọ, ẹnu ni a fi ń sọ ọ́. Ìka tí ó bá sì ti mọ ipò àwọn nọ́ńbà kò nílò ojú láti tẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ìpè wọ inú kọ̀ǹpútà, ìdọ́gba yìí bàjẹ́. Ohùn ṣì ni ìpìlẹ̀ ìpè, ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà tí a ń gbà dé ibi ohùn náà di àwòrán tí a tẹ́ sójú ẹ̀rọ.

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọpasẹ̀ bí àwọn afọ́jú tí ń lo kọ̀ǹpútà ṣe ń yan ètò ìpè láàrin ọdún 2003 sí 2025, àti láti fi hàn pé ìbéèrè tí ó wà nídìí yíyàn náà ju ti dídùn ohùn lọ. Ìbéèrè náà ni pé, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu-ọ̀nà wà?

2. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá afọ́jú sọ̀rọ̀

Ètò kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ sókè. Òun ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní ètò akàwé. Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ni JAWS, tí ilé-iṣẹ́ Ted Henter gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1989. Henter fúnra rẹ̀ jẹ́ afọ́jú: ó ti máa ń fi alùpùpù díje kí ó tó pàdánù ojú rẹ̀ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní 1978. Ní 1995 ni JAWS dé orí Windows. Ní Australia, Michael Curran, tí òun náà jẹ́ afọ́jú, bẹ̀rẹ̀ NVDA ní 2006. Ọ̀fẹ́ ni NVDA, nígbà tí owó JAWS ga ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Apple fi VoiceOver sínú kọ̀ǹpútà Mac ní 2005, ó sì fi í sínú iPhone ní 2009.

Ètò akàwé kì í ríran. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń bi ètò mìíràn léèrè: kí ni ó wà níhìn-ín, kí ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe? Ní 1997 ni Microsoft gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún irú ìbéèrè àti ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lórí Windows. Bí ẹni tí ó kọ ètò ìpè bá sọ bọ́tìnnì lórúkọ, ètò akàwé yóò pe orúkọ náà. Bí ó bá kàn ya àwòrán makirofóònù sí i, tí kò sọ ọ́ lórúkọ, ‘bọ́tìnnì, bọ́tìnnì’ ni afọ́jú yóò máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá makirofóònù òun wà ní ṣíṣí tàbí ní pípa lè sọ̀rọ̀ gidi níbi ìpàdé kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ. Ó sì lè sọ ọ̀rọ̀ àṣírí ilé rẹ̀ sí etí gbogbo ènìyàn.

Ìṣòro kejì ni pé ohùn ètò akàwé àti ohùn ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ jọ ń du etí kan náà. Bí ètò ìpè bá ń kéde gbogbo ẹni tí ó wọlé, gbogbo ẹni tí ó jáde àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yóò rì sínú ariwo. Bí kò bá sì kéde ohunkóhun, afọ́jú kò ní mọ àwọn tí ó wà ní ìjókòó. Nítorí náà, àsọjù àti àìsọ jọ jẹ́ àbùkù.

3. Ìgbà Skype

Ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà ṣáájú Skype. Ilé-iṣẹ́ VocalTec ní Ísírẹ́lì ti gbé ọ̀kan jáde ní 1995. Ṣùgbọ́n Skype, tí Niklas Zennström ọmọ Sweden àti Janus Friis ọmọ Denmark dá sílẹ̀, ni ó sọ ọ́ di ti gbogbo ayé láti oṣù kẹjọ ọdún 2003. Ọ̀fẹ́ ni ìpè láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì. Níbi tí ètò náà bá kù sí fún afọ́jú, àwọn tí ń lò ó fúnra wọn ni wọ́n tún un ṣe. JAWS fàyè gba oníṣẹ́ láti kọ àfikún ìlànà tí yóò máa darí bí ó ṣe ń ka ètò kan pàtó. Àwọn kan kọ irú rẹ̀ fún Skype, wọ́n sì pín in fún ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé náà sí. eBay ra Skype ní 2005, Microsoft rà á ní 2011. Bí ìlù bá yí, ijó a yí: bí olówó ètò bá ti pa ojú rẹ̀ dà, àfikún ìlànà tí a kọ fún ojú àtijọ́ kò bá a mu mọ́. Aríran lè wo ojú tuntun fìrí kí ó sì rí ibi tí bọ́tìnnì ṣí lọ. Ní ti afọ́jú, ohun tí ìka rẹ̀ ti há sórí ni ó ṣòfò, a sì di ẹni tí ń táràrà nínú ilé tí ó ti mọ̀ dunjú. Ní 2018, Microsoft dá ẹ̀dà keje dúró, ẹ̀dà kẹjọ sì gba ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n ti Skype pa pátápátá, wọ́n sì darí àwọn tí ń lò ó sí Teams.

4. Agbára òfin àti agbára oníṣẹ́

Láàrin ọdún wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ọ̀rọ̀ àánú, ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn abirùn, tí wọ́n gbà wọlé ní 2006, dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá nínú abala rẹ̀ kẹsàn-án. Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà á ní 2010. Ní ọdún kan náà, òfin Amẹ́ríkà kan fi dandan lé e pé kí àwọn ètò ìbánisọ̀rọ̀, ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, ṣeé lò fún abirùn, níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe.

Zoom, tí ó jáde ní 2013, jẹ́ àpẹẹrẹ ètò tí a fi afọ́jú sọ́kàn. Lórí Windows, afọ́jú lè fi Alt àti A pa makirofóònù tàbí ṣí i, kí ó sì fi Alt àti Y nọ́wọ́ sókè. Ó tún lè yan èyí tí ó fẹ́ gbọ́ nínú àwọn ìkéde, tí ó jẹ́ ìdáhùn tààrà sí ìjà ohùn méjì tí a mẹ́nu bà lókè. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà sọ ìpàdé di ti orí kọ̀ǹpútà ní 2020, irú ètò yìí ni ó ń pinnu ẹni tí yóò lè wà lẹ́nu iṣẹ́.

TeamTalk, láti Denmark, gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn afọ́jú sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí pé ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ lè gbé gbọ̀ngàn ìpè tirẹ̀ kalẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa tọ́jú kọ̀ǹpútà náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá iṣẹ́, oníbàárà tàbí ẹbí kì í sábà sí níbẹ̀. Ìpè kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń dá ṣe. Ibi tí àwọn ẹlòmíràn bá péjọ sí ni ó ń fa ènìyàn.

Ẹnìkan lè sọ pé tẹlifóònù alágbèéká ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá láti 2015 tí WhatsApp ti ní ìpè. Òtítọ́ wà níbẹ̀ fún ìkíni àti ìtàkùrọ̀sọ. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ tí a ti ń ka ìwé, tí a ń kọ àkọsílẹ̀ tí a sì ń gbọ́ ìpàdé lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ afọ́jú ń lò.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi ohun mẹ́rin hàn tí yíyàn tí ó mọ́yán lórí gbọ́dọ̀ gbé yẹ̀ wò: kí gbogbo bọ́tìnnì ní orúkọ, kí kíbọ́ọ̀dù nìkan tó láti fi ṣe gbogbo iṣẹ́, kí afọ́jú lágbára lórí ohun tí ètò ń kéde, àti kí àwọn tí ó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ohun karùn-ún ni Skype fi kọ́ni: ètò tí ó pé lónìí lè yí padà lọ́la láìbi afọ́jú léèrè. Kò sí ètò kan ṣoṣo nínú àwọn tí a yẹ̀ wò tí ó kó máràrùn-ún pọ̀. Ìdí nìyí tí afọ́jú tí ó gbọ́n fi ń mú ju ẹyọ kan lọ lọ́wọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.